Ẹ̀dà Àtijọ́ Kì Í Ṣe Àpótí Ìpamọ́ Orin

Ẹ̀yin olùdarí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin atẹdùùrù, ẹ̀yin òǹkọrin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn tẹ orin sórí kọ̀ǹpútà,

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì dá lórí àṣà kan tó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í rò ó wò mọ́: kí ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun sọ́fútíwíà tí a fi ń kọ orin jọ máa gbé lórí kọ̀ǹpútà kan náà láìní gbèdéke. MuseScore 3 wà níbẹ̀, MuseScore 4 jókòó tì í. Finale tí a fi kọ áńtéèmù ìkórè ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà nílẹ̀ nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti ń ṣí fáìlì àwọn orin náà, àmọ́ Sibelius tàbí Dorico ni orin tuntun ń wọ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà léèrè ibi tí orin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wà, á ní ọkàn òun balẹ̀, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ni mo fẹ́ takò. Kò burú kí méjèèjì jọ wà. Ó ní àǹfààní kan tí a kò lè rí lọ́nà mìíràn: ó jẹ́ kí á ṣí orin kan náà nínú méjèèjì, kí á fojú wé wọn láti ìlà dé ìlà, kí á rí ohun tó yí padà. Ohun yẹn gan-an ni a kì í ṣe. A sọ àsìkò ìfiwéra di ibùgbé, a sì ń pè é ní ìpamọ́.

Finale ni ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù. Ọdún 1988 ló jáde, ó sì di ohun èlò àwọn òǹkọrin, àwọn ilé ìtẹ̀wé orin àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé iṣẹ́ MakeMusic tó ni ín kéde pé àwọn kò ní máa ṣe é mọ́. Ìkéde àkọ́kọ́ tún fi kún un pé lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní rí àṣẹ gbà láti lo Finale tó ti fowó ara rẹ̀ rà lórí tuntun. Àwọn oníbàárà fárígá, ilé iṣẹ́ náà sì tètè yí ohùn padà, wọ́n ní àṣẹ náà yóò ṣì máa wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó hàn síta láàárín ìkéde méjèèjì: ẹ̀tọ́ òǹkọrin láti ṣí iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ wà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí wọ́n sì lè pinnu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní Finale àtijọ́ àti Dorico tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jọ́ náà, tí kò sì tíì gbé orin kankan kọjá láti èkíní sí èkejì, kò sàn ju ẹni tó ní Finale nìkan lọ.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe sọ́fútíwíà nìkan kọ́ ló sì lè tilẹ̀kùn mọ́ni. Ní 2019, nígbà tí Apple gbé macOS Catalina jáde, gbogbo sọ́fútíwíà oní-bíìtì 32 dákẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀dà 25 tó jáde ní 2016 ni Finale fi di oní-bíìtì 64, nítorí náà ẹni tó fi ẹ̀dà 2014 sílẹ̀ fún orin àtijọ́ pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà kí Mac rẹ̀ bọ́ sí Catalina, láìjẹ́ pé ó yọ ohunkóhun kúrò. Ṣáájú ìgbà yẹn, sọ́fútíwíà SCORE wà, tí Leland Smith ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ṣe. Àwọn ilé ìtẹ̀wé orin ńláńlá lò ó nígbà tí DOS jẹ́ ọba, ẹwà ojú-ìwé rẹ̀ sì lókìkí. Ọ̀gbẹ́ni Smith kú ní 2013. Lónìí, ẹni tí fáìlì SCORE bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà àrà kó tó lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ìwòyí. Ẹ wá fi èyí wé ìwé. Ìwé tí T. K. E. Phillips, ọ̀gá orin ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, gbé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953 kò béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé ju ojú àti ìmọ̀ lọ. Òǹkọrin Ayọ̀ Bánkọ́lé ti kú láti 1976; ojú-ìwé orin èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù ní ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ orin tó jókòó sídìí dùùrù lónìí lè tẹ̀ ẹ́ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kó dùn wá pé orin tí a tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní 2010 lè ṣòroó kà ju èyí tí a fi kálàmù kọ ní 1960 lọ.

Ẹni tó ń lo MuseScore lè sọ pé èyí kò kan òun, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òótọ́ ni, mo sì yin àwọn tó ń ṣe é. Fáìlì mscz rẹ̀ pàápàá kò ju àpò zip tí XML wà nínú rẹ̀ lọ, ẹni tó bá gbọ́n lè tú u wò. Àmọ́ ọ̀nà tó wà láàárín ẹ̀dà 3, tó jáde ní òpin 2018, àti ẹ̀dà 4, tó jáde ní oṣù kejìlá 2022, ọ̀nà àlọ nìkan ni. Ẹ̀dà 4 ń ṣí fáìlì ẹ̀dà 3. Ẹ̀dà 3 kò lè ka fáìlì ẹ̀dà 4 bó ṣe yẹ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà, atẹdùùrù lè ní tuntun, kí olùdarí ní àtijọ́, kí fáìlì máa lọ máa bọ̀ láàárín wọn lórí WhatsApp, kí oníkálukú máa ṣàtúnṣe sí tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ìkórè, fáìlì méjì ti wà tí orúkọ wọn dọ́gba, tí ohùn áltò wọn yàtọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni òǹkọrin fọwọ́ sí. Ìrísí orin pẹ̀lú ń yí padà. Ẹ̀dà 3.6 mú fọ́ǹtì Leland wá fún àmì orin, ó mú Edwin wá fún ọ̀rọ̀. Ẹ̀dà 4 tún ọ̀nà tí àmì orin fi ń jìnnà síra ṣe láti ìpìlẹ̀. Bí a bá ṣí orin àtijọ́, ó ń bi wá bóyá kí òun fi ìrísí tuntun wọ̀ ọ́. Alẹ́ Sátidé ni, a tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, orin olójú-ìwé méjì di mẹ́ta, ibi tí atẹdùùrù yóò ti ṣíwèé sì bọ́ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò ráyè rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ orin Yorùbá. Kí Finale 2012 tó dé, Finale kò mọ Unicode (ìlànà tó ń fi nọ́ńbà dá lẹ́tà àwọn èdè ayé mọ̀), nítorí náà ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà onísàmì-ìsàlẹ̀ ní láti lo fọ́ǹtì àkànṣe tó fi lẹ́tà wa rọ́pò àmì mìíràn. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹsẹ orin á di ìdàrúdàpọ̀ àmì àjèjì. Lábẹ́ Unicode náà, ìṣòro kò tán: ẹ tó ní àmì ohùn lórí àti ẹ̀kán nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní odindi, fọ́ǹtì ló ní láti so àmì mọ́ lẹ́tà. Fọ́ǹtì tó bá yí padà láti ẹ̀dà sí ẹ̀dà lè gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó jẹ́ kó wọ inú ìlà orin. Phillips fi ìwé rẹ̀ ṣàlàyé bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe ń di ọ̀kan nínú orin wa. Akọrin tí àmì ohùn bá ti bọ́ nínú ìwé rẹ̀ yóò kàn máa méfò ni. Sólífà tún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wa ló ń kà á, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ẹsẹ orin sábẹ́ àmì. Àmì ẹlẹ́kàn-án méjì (:) ló ń pín ìlù síra nínú sólífà, ẹ̀kán kan (.) ló ń pín ìlù sí méjì. Sọ́fútíwíà kò mọ̀ pé orin ni, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí. Bí ẹ̀dà tuntun bá sún ọ̀rọ̀ síwájú díẹ̀, sólífà ténọ̀ kò ní dúró déédéé mọ́ lórí ti básì. Ẹni tó ṣe sọ́fútíwíà wọ̀nyí ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kò lè rí àṣìṣe wọ̀nyí, kò gbọ́ Yorùbá, kò ka sólífà. Ojú tiwa nìkan ló lè rí i, nígbà tí ẹ̀dà méjèèjì bá ṣì ń ṣí.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Àkọ́kọ́, pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń tú, pàápàá nígbà tí ọjọ́ ìlò orin kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo gbà pátápátá. Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dà kan, ẹ parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣí i nínú tuntun láàárín iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá parí, tí a kọ ọ́ tán, kò sí kánjúkánjú kankan mọ́, síbẹ̀ a kì í padà sídìí rẹ̀. Sọ́fútíwíà LilyPond tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 ti fi ọ̀nà hàn wá: ìlà kan nínú fáìlì rẹ̀ ń sọ ẹ̀dà tí a fi kọ ọ́, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní convert-ly sì ń ka ìlà náà kó tó gbé fáìlì bọ́ sí ẹ̀dà tuntun. Bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kan LilyPond rí, a lè kọ orúkọ sọ́fútíwíà àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ orúkọ fáìlì. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní MusicXML, tí gbogbo ènìyàn ń júwe fún gbígbé orin láti ibì kan sí ibòmíràn, kì í gbé gbogbo rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ ti jáde ní 2004, ó ti dàgbà gan-an, àjọ W3C tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù sì ti ń bójú tó o láti 2015, àmọ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ ojú-ìwé kì í bá a débẹ̀ tán. Àmì orin, gígùn wọn, ọ̀rọ̀ orin àti àmì ìsopọ̀ ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí PDF fi gbọ́dọ̀ bá a rìn: PDF pa ìrísí mọ́, MusicXML pa orin mọ́, ibi tí èkejì bá ti ṣàṣìṣe, èkíní á jẹ́rìí sí òtítọ́. Ẹni tó bá ní tìtorí pé ọ̀kan kò pé, òun kò ní ṣe méjèèjì, orin tirẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó àti iná. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ kò lè gbé ẹ̀dà tuntun tó wúwo, bí a kò bá sì rí àdán, òòbẹ̀ la fi ń ṣẹbọ. Ẹni tó wà nírú ipò yìí kò ṣẹ̀ mí, ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó tètè ṣe ohun tí mò ń wí, nítorí pé ẹ̀dà àtijọ́ náà lè gbé PDF àti MusicXML jáde láìná kọ́bọ̀, bí kọ̀ǹpútà náà bá sì kú lọ́la, kò ní ẹ̀dà mìíràn tí yóò sá lọ bá. Ẹni tó ń lo ẹ̀dà tí kò rà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ké sí lọ́jọ́ tó bá kọ̀ láti ṣí.

Ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe sọ́fútíwíà pẹ̀lú, n kò ní fi í pamọ́. Sibelius ń gbé fáìlì jáde fún àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀. Finale 2014 lè kọ fáìlì tí 2012 yóò kà. Ọ̀nà àbọ̀ ṣeé ṣe, nígbà náà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde láìsí ọ̀nà àbọ̀ ti fi ẹrù tirẹ̀ ru ẹni tó ń kọ orin, ó sì yẹ kí àwa tí à ń lò ó máa kọ̀wé sí wọn, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti sólífà tí wọn kò mọ̀ pé ó bàjẹ́.

Kí wọ́n tó dáhùn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje orin àti àjọ̀dún akọrin, ẹ má gba fáìlì sọ́fútíwíà nìkan lọ́wọ́ òǹkọrin mọ́. Ẹ béèrè PDF àti MusicXML pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀dà méjì wéra kó tó gboyè jáde. Ẹ̀yin olùdarí akọrin tí ẹ̀dà méjì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ dá ọjọ́ tí ti àtijọ́ yóò sinmi, kí ẹ sì máa kó orin kọjá díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ náà: ẹ gbé PDF ti àtijọ́ sílẹ̀, ẹ ṣí orin nínú tuntun, ẹ kà á láti ohùn sópránò dé básì, ẹ wo àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí orin bá pọ̀ ju ohun tí apá ká lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti àwọn òǹkọrin tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ṣì lè sọ fún yín ohun tó wà lọ́kàn wọn níbi tí fáìlì bá ti dàrú.