Ìwọ̀fà Nínú Ilé Baba Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ṣiṣẹ́ bí ẹrú, a ó jẹ bí ọmọ. Ní òpópónà Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́, òwe yìí kò nílò ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá ń tajà níbẹ̀ mọ̀ pé oníbàárà kì í dúró de ẹni tó ń sùn, àti pé owó ṣọ́ọ̀bù kì í béèrè bóyá ó rẹ ènìyàn. Mi ò bá òwe náà jà. Ibi tí a gbé e lọ ló ń kọ mí lóminú. A gbé e kúrò lójà, a gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì sọ ọ́ di ìyìn rere.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ onígbàgbọ́ kan tó ń ta aṣọ ní àdúgbò yẹn. Ọjọ́ Àìkú, ẹ̀kọ́ òwúrọ̀, ìsìn, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọjọ́bọ̀, ìpàdé àdúrà. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ọjà gidi ni Àbámẹ́ta, akọrin sì gbọ́dọ̀ dánrawò nírọ̀lẹ́ rẹ̀. A kò tíì mẹ́nu ba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, tàbí orí òkè tí wọ́n ní kí ó lọ. Ọjọ́ tí a pè ní ti ìsinmi gan-an ló ń rẹ̀ ẹ́ jù. Bí oorun bá gbé e lọ lójú ìṣọ́, ó di ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò jẹ́wọ́. Bí ọjà kò bá tà, àdúrà rẹ̀ ni kò tó. Bí ọjà bá sì tà, ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dẹwọ́ pẹ́nrẹ́n, ìbùkún náà yóò bọ́. Ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tó gbé odó mì.

Ohun tí mò ń sọ ni pé onígbàgbọ́ yìí kì í ṣe ẹrú, kì í sì í ṣe ọmọ nínú ìwà rẹ̀. Ìwọ̀fà ni. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà dáadáa. Bí ènìyàn bá jẹ gbèsè, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà á máa roko olówó, á máa bá a kọ ebè, òjò ìbáà máa rọ̀. Ṣùgbọ́n èlé ni gbogbo iṣẹ́ yẹn. Kò sí ebè tó ń dín ojú owó kù. Bí ìwọ̀fà bá lo ogún ọdún lóko olówó, gbèsè tó bá wọlé ni yóò bá jáde, àfi bí ẹnìkan bá wá gbé ojú owó náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń fi ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí san gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, èlé ló ń san. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n wàásù fún wa sì sọ pé ẹnìkan ti gbé ojú owó kalẹ̀ ní Kalfari.

Ìtàn ọmọ onínàákúnàá ní Lúùkù orí 15 ni mo fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àbúrò ni mò ń wò. Ẹ̀gbọ́n ni. Àwa oníwàásù kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, bóyá nítorí pé ó jọ wá jù. Oko ló ti ń bọ̀ nígbà tó gbọ́ ìlù àti ijó. Ó kọ̀, kò wọlé. Nígbà tí baba jáde wá bẹ̀ ẹ́, ó ka iṣẹ́ tó ti ṣe láti ọdún pípẹ́ sílẹ̀ bí ẹrú, ó ní wọn kò fún òun ní ọmọ ewúrẹ́ kan rí kí òun fi ṣe fàájì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Baba sì dá a lóhùn pé tirẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà nílé. Ẹ rí i pé òwe wa kò ṣẹ mọ́ ọn lára: ó ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kò jẹ bí ọmọ. Kì í ṣe pé baba háwọ́. Ìdí oúnjẹ tó wà lórí tábìlì nílé baba ni pé ó jẹ́ ọmọ, òun sì ń wá a nínú oko.

Mo mọ ẹni tí yóò dáhùn pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni agbójúlógún nínú ìtàn yẹn? Àbúrò ni, ẹni tó gba ogún nígbà tí baba ṣì wà láàyè, tó sì lọ ná an tán nílẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó gbójú lógún ń retí kí baba kú. Ẹni tó ń bá baba gbé, tó ń bá a jẹun, tó sì ń bá a lọ sóko nítorí pé oko baba òun ni, ta ló máa pè é lọ́lẹ?

Ẹlòmíràn yóò gbé Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá kò mí lójú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tiwa yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Odò-Ọwà tí wọ́n bí lọ́dún 1904 ni, ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ojú ọ̀nà fún ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, nítòsí Ìkẹjì-Arákejì, níbi tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lónìí, ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ó fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó gba ààwẹ̀, ó gbàdúrà bí ẹni tí kò mọ oorun, nígbà tó sì di ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ooye nílùú Iléṣà. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní kí ọkùnrin yẹn lọ sùn? Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe rí. Bí ìjọ rẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn náà, ẹ̀rọ tó ń wà ló kọ́kọ́ dákú sójú ọ̀nà, kí ó tó gbọ́ ohùn. Ìpè ló ṣíwájú, ààwẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Kò fi ààwẹ̀ ra ìpè. Àwa tí a ń ṣe bíi tirẹ̀ lónìí ti yí i padà: ààwẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń retí kí Ọlọ́run gbọ́ràn nígbà tí iye ọjọ́ bá pé.

Ní Oǹdó níhìn-ín ni wọ́n bí Josiah Akíndáyọ̀mi lọ́dún 1909, ẹni tó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ lọ́dún 1952. Ìjọ náà ti kárí ayé, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ pé a ti ra ènìyàn padà. Ẹni tí a ti rà padà, gbèsè wo ló tún ń san?

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. John Wesley, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀, ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Oxford, ó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Lọ́dún 1735 ó wọkọ̀ ojú omi lọ wàásù ní Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjì jà lórí òkun, jìnnìjìnnì bá a, ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni ará Jámánì tó wà nínú ọkọ̀ kan náà ń kọrin. Ó di ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1738, nílùú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ pé Kristi ti gba òun. Ṣé ó wá di ọ̀lẹ? Nǹkan bí 50 ọdún ló tún fi wàásù lórí ẹṣin káàkiri, àwọn ìjọ rẹ̀ sì ni wọ́n rán Thomas Birch Freeman wá sí Àgbádárìgì lọ́dún 1842. Ọkàn tó balẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí ọkàn tó ń gbọ̀n kò lè ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Bíbélì wa kún fún ìsinmi ju bí a ṣe ń wàásù rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹfà ni Ọlọ́run dá ènìyàn. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó mọ́ ọn lójú, ìsinmi ló bá, kò tíì kọ ebè kan. Nígbà tí Èlíjà sá fún Jésíbẹ́lì, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tó ní kí òun kú, áńgẹ́lì kò ní kí ó dìde gbógun. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ, ó tún sùn, wọ́n tún jí i kí ó tún jẹ. (Bí ó bá jẹ́ àwa ni, à bá ní ẹ̀mí àárẹ̀ ló ń dè é, a ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbígbẹ kún un.) Bẹ́ẹ̀ àwa ará Àkúrẹ́ mọ ọjà títì. Nígbà ọdún Aeregbe, bí Déjì bá ní kí ọjà tì, ọjà á tì, ilẹ̀ á sì tún mọ́. A gbà fún ọba ìlú, a kò gbà fún Ọba ọ̀run.

Ayọ̀ ni ìwọ̀fà kì í ní. Ó lè ní ìtura lọ́jọ́ tí olówó kò sí nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ayọ̀. Ìdí nìyí tí ijó wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì fi ń dúró de ẹ̀rí: ó di ọjọ́ tí físà bá jáde, tàbí tí ọmọ bá dé, kí a tó jó tọkàntọkàn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ fún físà. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ tí kò lè yọ̀ nínú Ọlọ́run ní Ọjọ́ Ajé tí ọjà kò tà, ìta ilé ló ṣì dúró sí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yẹn, ó ń gbọ́ ìlù.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa igi lé ìpàdé kan nínú ti ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ má sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá tó ń taṣọ ní Arákalẹ̀ pé kí ó lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pé Ọlọ́run kò bínú sí i.