Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì àti Ọdún Òdòdó

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún ni igi jakaráńdà máa ń tanná ní ìlú Johannesburg, tí títì a sì di elésè àlùkò láti orí ẹ̀ka dé ilẹ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún ọdún òdòdó yìí. Ìgboro gan-an ni pápá rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń rìn lọ wò ó ní Parktown àti Westcliff, níbi tí igi náà gbé pọ̀ lọ súà. (Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, ìjọba ibẹ̀ kò tilẹ̀ gbà kí a gbin tuntun mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí a gé àwọn tí ó ti dàgbà sí ìgboro.)

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí ń gbé ní Turffontein, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù àárín ìlú náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí ó sì ń fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rìn. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn méjì lè gbé gun àtẹ̀gùn. Òmíràn nínú wọn wúwo ju 100 kílò lọ, àyè tí ó sì nílò kí ó tó lè yí padà kò kéré. Bí etí títì bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ilẹ̀ lọ, ìrìn parí níbẹ̀. Takisí kéékèèké tí mẹ̀kúnnù ń wọ̀ kò ní àyè fún un. Bọ́ọ̀sì Rea Vaya, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ilẹ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láàrin Soweto àti àárín ìlú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ná ọ̀nà rẹ̀, ẹni tí ó sì wà ní Turffontein gbọ́dọ̀ wá bí yóò ti dé àárín ìlú ná. Ní 2023, nígbà tí wọ́n ń pa iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, bátìrì tí kò kún lóru kò lè gbé olówó rẹ̀ jáde lówùúrọ̀. Àwa tí a mọ ìṣe iná mànàmáná ní ilẹ̀ wa kò nílò àlàyé lórí èyí.

Bí ó bá sì borí gbogbo ìwọ̀nyí tí ó dé abẹ́ igi, gbòǹgbò igi lè ti gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè, kí òdòdó tí ó já sílẹ̀ sì bo ihò mọ́lẹ̀ kí ó má rí i. Ohun tí ó wá wò ni yóò ṣe é ní jàǹbá.

Àwọn òǹkàwé wa kò ní gbàgbé pé ní 1953 ni ìjọba aláwọ̀ funfun ilẹ̀ náà ṣe òfin tí ó ya ọgbà ìgbafẹ́, àga ìjókòó, etí òkun àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Ní 1990 ni wọ́n pa á rẹ́. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1996 sì ká a léèwọ̀ láti fi àwọ̀ tàbí àbùkù ara yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A yọ̀ sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin burúkú ṣeé fi ìbò parẹ́ ní ọjọ́ kan. Kọnkéré kò mọ ìbò. Ẹni tí yóò gbé òòlù tọ̀ ọ́ lọ ni a ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ náà ju agbára Áfíríkà lọ. Ní ọgbà Kirstenbosch ní Cape Town, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, wọ́n la ọ̀nà kan gba orí igi kọjá ní 2014, èyí tí oníkẹ̀kẹ́ lè gùn láìsí àtẹ̀gùn kankan. Ìlànà ilé kíkọ́ ilẹ̀ náà sọ iye tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́: bí ilẹ̀ bá ga ní mítà 1, kí ọ̀nà náà má dín ní mítà 12 ní gígùn.

Ilé wa ńkọ́? Ní January 2019 ni a fọwọ́ sí òfin Nàìjíríà tí ó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe, ó sì fi ìyà lé orí òṣìṣẹ́ tí ó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tí kò ní ọ̀nà fún wọn. Ọdún 5 náà pé ní January 2024. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tàbí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nínú oṣù kẹjọ, kí ó fi ojú oníkẹ̀kẹ́ wo ọ̀nà láti ibi tí ọkọ̀ ti já a sílẹ̀ títí dé ibi tí a ti ń ṣe ọdún. Ní ọ̀dọ̀ wa, ojú ìkáàánú ni a fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó fún un lówó, a ó sì ṣàdúrà fún un. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bóyá ó rí ẹṣin àwọn Balógun.

Ẹ̀yin olùkọ́, a ń bẹ̀ yín. Ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde pẹ̀lú rúlà àti okùn. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kíláàsì, gíga àtẹ̀gùn, ìbú gèètì àti kòtò tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn ṣe ìṣirò gígùn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò bá a mu. Kí ẹ sì fi ìwé ìṣirò náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lókè rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́.