Ẹrẹ̀ Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Àṣà kan ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Bí owó bá ti gbera sókè díẹ̀, wọn a gba físà, wọn a wọ bàálù lọ sí Indonéṣíà tàbí Filipínì, wọn a gbé táńkì afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọn a sì rì sínú òkun. Kì í ṣe ẹja àbùùbùtán ni wọ́n lọ wò o. Ẹrẹ̀ ni.

Òyìnbó ń pe eré yìí ní muck diving. Ìsàlẹ̀ òkun tó dúdú, tó rí játijàti, tí kò ní iyùn kankan tó ń dán, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wẹ̀ lọ. Wọn a rọra máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹrẹ̀ wò, bí ẹni tí òrùka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lè má ju èékánná lọ: edé tíńtín, ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun àmọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ń kọ mànà, ẹṣin-òkun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹṣin-òkun yẹn, ní 1969 ni Georges Bargibant ṣèèṣì rí i ní New Caledonia, lára ẹ̀dá òkun kan tó rí bí igi ẹlẹ́ka, tó ń kó jọ fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ó jọ ibi tó ń gbé débi pé ojú ń kọjá lára rẹ̀ ni.

Bob Halstead, tó fi ọkọ̀ gbé àwọn òmùwẹ̀ káàkiri ní Papua New Guinea nígbà ayé rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó sọ eré náà di olókìkí. Lónìí, Lembeh ní erékùṣù Sulawesi ni wọ́n ń pè ní olú ìlú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 sọ pé ní Indonéṣíà àti Filipínì nìkan, eré yìí ń mú owó tó ju mílíọ̀nù 150 dọ́là wọlé lọ́dún. Àwọn tó ń wá ṣe é ju 100,000 lọ, àwọn tó ń tibẹ̀ jẹun sì ju 2,200 lọ. Lórí ẹrẹ̀ o!

A ò bínú sí ẹni tó lọ. Owó rẹ̀ ni, ẹ̀mí rẹ̀ sì ni. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ẹni kan náà yìí, tó fi dọ́là ra ìwòran ẹrẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, tó bá padà dé Mòwé, tó rí àbàtà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé: "Ìgbà wo ni wọ́n máa da yanrìn síbí gan-an?"

Àwa tí à ń kọ èyí, iṣẹ́ sọ́fúwià là ń ṣe. Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ la pín sí, torí owó ilé Èkó ti kọjá agbára wa. A kì í ṣe onímọ̀ nípa ẹja. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ti kọ́ wa pé ohun kékeré kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Àmì kan ṣoṣo tó bá sọnù nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìlà kóòdù, ó tó láti dá odidi ilé iṣẹ́ dúró. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí àmì yẹn, tí kò wá rí ohun tó ń mí lẹ́yìn fẹ́ǹsì rẹ̀, àìfẹ́rí ni, kì í ṣe àìríran. Nítorí náà, a ń sọ ọ́ gbangba: ẹrẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo, irọ́ sì ni ẹni tó bá ń tà á bí ilẹ̀ òfìfo ń pa.

Ẹ jẹ́ ká ti ìhà Ìfọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta kọjá Ìfọ̀, tí ẹ kọjá Pápáláńtò, ẹ ó dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ṣe símẹ́ǹtì láti 1960. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yẹn nígbà kan. Ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun ló bo gbogbo ibẹ̀. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ń rọ̀ sínú ẹrẹ̀, ọ̀kan lé èkejì, títí gbogbo rẹ̀ fi di òkúta. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ kọ odidi ìwé lórí òkúta yìí àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, ó sì jáde ní 1977. Àwọn kan nínú àwọn ẹ̀dá náà jẹ́ ìgbín àti ìṣáwùrú òkun tí a lè mú lọ́wọ́. Àwọn mìíràn kéré débi pé ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá la fi ń rí wọn.

Irú òkúta yìí kan náà ni wọ́n ń wà ní Ṣágámù, tí kò jìnnà sí Mòwé. Ẹ wá wo ara ògiri yín. Símẹ́ǹtì tó di bulọ́ọ̀kù yẹn mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkarahun ẹ̀dá òkun tó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó dé ayé. Ohun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló wà lára ilé tí a ń fi yangàn. Inú ẹrẹ̀ òkun là ń sùn, tí a tún ń sọ pé ẹrẹ̀ ò wúlò.

Ẹrẹ̀ tó ti kú nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó wà láàyè. Odò Ògùn ń ṣàn gba ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sínú ọ̀sà Èkó, àbàtà rẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nínú àbàtà àti odò kéékèèké ilẹ̀ olómi báyìí, láti Togo àti Benin títí dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni àwọn ẹja kékeré kan ń gbé tí òyìnbó ń pè ní killifish. Akọ wọn lẹ́wà ju aṣọ ìgbéyàwó lọ: búlúù, pupa, àti ìyẹ́ tó gùn bí ìtànná. Ọ̀kan nínú wọn, Fundulopanchax filamentosus, máa ń yé ẹyin sínú ẹrẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi gbẹ, àwọn òbí lè kú tán. Ẹyin á wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, á máa retí. Bí òjò bá padà, wọ́n á pa, ayé á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dákẹ́ kí ẹ rò ó wò. Oṣù wo ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń fẹ́ mú oníbàárà wá wo ilẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ wa? Oṣù Kìíní, oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti fa omi gbẹ. "Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Oníbàárà á fi bàtà tẹ̀ ẹ́, á ní lóòótọ́ ni. Ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí yẹn, ó lè jẹ́ orí ẹyin ni wọ́n wà. Ilẹ̀ tí wọ́n ní ó gbẹ ń sinmi ni, kò kú.

Àwọn òyìnbó tó ń sin ẹja yìí nínú dígí ní Jámánì, ní England àti ní Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Kí irú ìlú kan má bàa dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn, wọ́n máa ń so orúkọ ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú ẹja mọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ wọn, ẹ ó rí Aphyosemion bitaeniatum "Ijebu Ode". Ẹ ó rí Fundulopanchax gardneri "Akure". Ọmọ Ìjẹ̀bú wà nínú dígí lókè òkun, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń yí omi rẹ̀, wọ́n ń kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tó wà nílé, tipa là ń fi da yanrìn lé e lórí. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilẹ̀ wúrà ńkọ́?

Ẹ tún gbọ́ ìkan sí i. Ní 1959, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ H. S. Clausen fi ẹja kékeré kan láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà han aráyé, ó pè é ní Denticeps clupeoides. Eyín wẹ́wẹ́ ló bo orí ẹja náà níta. Nínú ìdílé rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ló kù láàyè ní gbogbo àgbáyé, ìbátan ṣáwá àti sàdíìnì láti ìgbà láéláé. Odò Nàìjíríà, Benin àti Cameroon nìkan la ti lè rí i. Ká ní Sulawesi ló wà ni, wọn ì bá ti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí etí odò rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní: "Ebi ń pa ènìyàn, ẹ̀yin ń sọ ti ẹja tíntìntín." Àwọn ará Lembeh náà ń jẹun, ẹrẹ̀ ló sì ń bọ́ wọn. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí Ìbàfò lọ́la. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí kò tíì ka ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ kò lè sọ pé òun tòṣì.

Wọ́n á ní: "Ẹ̀fọn ńkọ́? Àbàtà ló ń mú ibà wá." Ó tì o. Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà káàkiri lọ́dọ̀ wa, kòtò omi òjò kéékèèké tí oòrùn ń pa ló fẹ́ràn jù: ipa táyà tipa, ihò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò dí. Nínú omi tí ẹja àti ọmọ lámilámi wà, oúnjẹ ni tanwíjí jẹ́. Ẹ lé ẹja lọ, ẹ wá fi ipa táyà dípò àbàtà, ẹ óò rí ẹ̀fọn tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Wọ́n á tún ní: "Ibo la máa kọ́lé sí?" Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀. A kì í ṣe ọ̀tá ilé, àwa náà ń gbé inú ilé níbí. Àmọ́ àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ ní Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, àbàtà ni Odò Ògùn máa ń yà sí kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó. Bí a bá fi yanrìn dí ilé ọmọ ìyá rẹ̀, pálọ̀ wa ni odò máa yà sí. Ibi tí ẹja kékeré ń gbé àti ibi tí àkúnya omi ń sùn, ibì kan náà ni. Ẹni tó bá gba ọ̀kan là, ó ti gba ìkejì.

Ní àdúgbò ọ̀kan nínú wa ní Ìbàfò, àbàtà kan wà tí yanrìn ti dé ìdajì rẹ̀. A ti lọ síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé bíi mélòó kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fóònù wa. A rí ọmọ lámilámi tó ń dọdẹ. A rí ìṣáwùrú tí kò tó hóró àgbàdo. A rí ẹja wẹ́wẹ́ tí ojú wọn ń tàn bíi góòlù lábẹ́ iná. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ yanrìn bi wá pé kí la ń wá, a sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a yára, pé ìdajì tó kù kò ní pẹ́ dí.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè kò le. Àkọ́kọ́, kí òfin tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́: láti 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí àbàtà, bèbè odò àti etí adágún. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi òǹtẹ̀ lu ìwé ilẹ̀ tí omi ń sùn sí. Ìkejì, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ lọ wò ó ní oṣù Keje tàbí Kẹsàn-án, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìkẹta, kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga gírámà kó ọmọ lọ sétí àbàtà pẹ̀lú ìgò àti àwò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwa oníkọ̀ǹpútà náà ní iṣẹ́ tiwa: ìkànnì bíi iNaturalist ti wà láti 2008, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi àwòrán ẹ̀dá àti ibi tó ti rí i sí. Tiwa ti ń lọ síbẹ̀, kí tiyín náà máa bọ̀.

Ìkẹrin ló ká wa lára jù. Ẹ bi àwọn bàbá apẹja àti àwọn ìyá tó ń kó ìṣáwùrú ní abúlé etí Odò Ògùn léèrè orúkọ àwọn ẹja wọ̀nyí ní Yorùbá. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù yín. "Ẹja wẹ́wẹ́" kì í ṣe orúkọ, gẹ́gẹ́ bí "ènìyàn wẹ́wẹ́" kò ṣe lè jẹ́ orúkọ ọmọ yín. Ohun tí kò lórúkọ lẹ́nu ẹni, kò pẹ́ kí wọ́n fi yanrìn bò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ Lembeh, kó máa lọ, ọ̀nà á dáa. Àmọ́ kó kọ́kọ́ gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá ná, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí tipa tó dé.