Ta Ni Yóò Mú Àlejò Mọ̀nà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun rí nígbà tí ó bá kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ wọ ọgbà yunifásítì. Ó rí ilé gogoro, ó rí èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ní àdúgbò rẹ̀, akọni ni, nítorí pé ó yege nínú ìdánwò JAMB. Lọ́dọ̀ àwa tí a ti pẹ́ níbí, Jámbáìtì lásán ni, ẹni tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ta ni ó yẹ kí ó máa mú ọmọ náà mọ̀nà? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé iṣẹ́ àwọn aláṣẹ ni. Òótọ́ ni pé àwọn aláṣẹ máa ń kó àwọn ọmọ tuntun jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá. Olórí ilé ìkàwé yóò sọ tirẹ̀, dókítà yóò sọ tirẹ̀, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò sọ tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọ tó jókòó síbẹ̀, ta ni yóò dìde láti sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, owó tí ìyá mi fún mi ti tán"? Ìṣòro tó ń jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́kàn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú èrò. Alẹ́ ni ó máa ń jáde, lẹ́bàá ibùsùn, sí etí ẹni tó bá sún mọ́ ọn.

Bí àwa kò bá sún mọ́ ọn, ẹlòmíràn yóò sún mọ́ ọn. Ní ọdún 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn. Wọn kò bá ti ìpànìyàn wá. Àṣà àmúnisìn àti ìgbéraga àwọn ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n fẹ́ ta kò. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ mìíràn yọ lára rẹ̀, òmíràn tún dìde, àdá àti ìbọn sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1984, Pyrates kó ẹsẹ̀ kúrò nínú ọgbà yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún.

Ẹ má ṣe rò pé ìbọn ni irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀. Rárá o. Wọn a bá a gbé ẹrù, wọn a bá a wá yàrá, wọn a ra oúnjẹ fún un. Iṣẹ́ amọ̀nà gan-an ni wọ́n ń ṣe! Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe àlejò lóore ni àlejò máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ohun tí àwa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń kó ọmọ jọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yan amọ̀nà láàárín ara wa, kí a sì fi ojú ṣùnnùkùn yàn wọ́n. Ẹni tó ń wá ìbò sí ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò yẹ, nítorí orí ni yóò máa kà, kò ní í ka ènìyàn. Ọkùnrin tó ń dọdẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tuntun kì í ṣe amọ̀nà, ìkookò ni. Ẹni tó yẹ ni ẹni tó ní sùúrù, tí ó lè pa àṣírí mọ́. Bí ó bá ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan rí, tí ó sì tún un ṣe, ó tún dára jù: ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò sọ. Kí ó sọ fún ọmọ náà pé, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, máàkì ọdún kìíní wà nínú ìṣirò ìgbẹ̀yìn, àti pé níbi tí a bá ti ń kà á dé 5.00, 4.50 ni ẹnu ọ̀nà First Class. Kí ó sọ fún ẹni tí owó ń dà láàmú pé òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2024 wà, pé kò ní èlé, àti pé ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá ẹni tó ti ń di ẹrù àtipadà sílé dúró.

Àwọn kan yóò ní, "Ta ló mú àwa náà mọ̀nà? Ṣebí a fojú ara wa rí i." Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ogún tó yẹ kí ó fi sílẹ̀ fún àbúrò. Àti pé àwọn kan tó bá wa wọlé lọ́jọ́ kan náà kò sí láàárín wa mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Ẹgbẹ́ tiwa gan-an ló yẹ kí ó ṣíwájú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, onílé ní í bu omi fún àlejò kí ó tó béèrè ibi tí ó ti wá. Kí a má ṣe ya ọmọ Yorùbá sọ́tọ̀ nìkan. Ọmọ tó ti Kàtsínà tàbí Bàyélsà wá, tí kò gbọ́ èdè tí àwọn olóúnjẹ ń sọ, ni àlejò jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan gba ọmọ tuntun mẹ́ta fún sáà kan péré, láìgba kọ́bọ̀, láìwá ìbò. Ọdún tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu géètì, àwa ni tàbí àwọn?