Ta ló sọ pé orin inú yàrá mi gbọ́dọ̀ 'blow'?

Ìbéèrè kan wà tó ti sú mi. Bí èèyàn bá ti wọ yàrá mi, tó rí máìkì lórí tábìlì àti wáyà tó so mọ́ laptop, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ máa gbé e jáde?" Tí mo bá ní mi ò ní í gbé nǹkan kan jáde, á wò mí bíi pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá àdúgbò wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé pé ìgbà wo ni Chelsea máa rà wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń bi àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi pé èló ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Orin nìkan la sọ di nǹkan tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe fàájì.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè. Èkó yìí náà ni mò ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Orin ni mo fi ń tu ara mi lára lálẹ́. Èrò mi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn tẹ́ ẹ bá fẹ́: ẹni tó bá ń ṣe orin nílé fún ìgbádùn ara ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "blow" yìí lé òun kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fi owó ṣòfò, òun náà ló ń ba orin jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Spotify wọ Nàìjíríà lóṣù Èrèlé ọdún 2021, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024, orin tí àwọn èèyàn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàrin oṣù 12 kì í gba kọ́bọ̀ nínú owó tí wọ́n ń pín fáwọn tó ni orin. Ká tiẹ̀ ní ó pé 1,000, dọ́là díẹ̀ péré ni, kò lè ra epo tí jẹnẹrétọ̀ máa lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ń jẹun níbẹ̀ o. Wọ́n wà, àmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, wọ́n ní mánéjà, wọ́n ní àwọn tó ń bá wọn polówó. Ìyẹn yàtọ̀ sí èmi tí mò ń tibi iṣẹ́ bọ̀ láago mẹ́jọ alẹ́.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó yá owó lórí fóònù láti fi ra gbogbo ohun èlò lẹ́ẹ̀kan náà: máìkì condenser olówó ńlá, spíkà méjì, àti fóòmù dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Títì ni yàrá ẹ̀ kọjú sí. Gbogbo orin tó bá kọ ni kọ̀ńdọ́ ń bá a gbè nínú ẹ̀: "Ojúẹlẹ́gbà, Yábàá, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ó ti ta gbogbo ẹ̀ ní ìdajì owó. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó yẹn. Ọmọ yẹn lóhùn, àtìgbà yẹn ni mi ò sì ti gbọ́ kó kọrin mọ́, kódà tó bá ń fọṣọ.

Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ fún un pé yàrá ni kó kọ́kọ́ rò ó sí, kì í ṣe máìkì. Máìkì condenser ń gbọ́ gbogbo nǹkan, yàrá tó dákẹ́ ló sì ti wúlò jù. Nínú ilé tí a ti ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò, máìkì dynamic ló yẹ èèyàn, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọrin níbi àríyá. Shure SM58 jáde lọ́dún 1966, wọ́n ṣì ń lò ó káàkiri ayé dòní. Ẹ gbé ẹnu sún mọ́ ọn dáadáa, bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kò ní í ráyè gbọ́ tẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà o. Tí owó ẹ̀ bá ti kéré jù, ẹ rọra. Ẹ máa nílò àpótí kékeré tó ń so máìkì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, audio interface ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò tíì ká a, kó ra máìkì USB.

Ní ti fóòmù dúdú yẹn, àti páálí ẹyin táwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sí èyí tó ń dí ariwo lọ́nà nínú méjèèjì. Ohun tó bá wúwo ló ń dí ariwo: ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn tó nípọn, fèrèsé tí a dí pa. Fóòmù kàn ń jẹ́ kí ohùn má ta padà láti ara ògiri ni, tí kò bá sì nípọn, àwọn ohùn tó lọ sókè nìkan ló ń mú. Aṣọ á ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Èmi máa ń ṣí wọ́dúróòbù mi sílẹ̀, gbogbo aṣọ ẹbí tí mo ti rà láti bí ọdún mẹ́wàá ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Màá ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn mi, màá kọjú sáwọn aṣọ náà. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo tíì rí nínú aṣọ ẹbí nìyẹn.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ torí sọ́fítíwià jẹ gbèsè. Fóònù lásán gbé BandLab, ọ̀fẹ́ ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni Audacity. Reaper á jẹ́ kẹ́ ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò fún ọjọ́ 60. FL Studio tí gbogbo wa fẹ́ràn ní ti ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ lè fi ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ padà ṣí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti tọ́jú síbẹ̀. Kẹ́ ẹ má bàa sunkún lọ́jọ́ kejì, ẹ parí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn.

Ohun mìíràn tó máa ń lé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sá ni kí ohùn wọn máa pẹ́ kó tó dé etí wọn, bíi pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ sínú kànga. Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ ní ìdì-ìdì kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní buffer. Tẹ́ ẹ bá fi sí 128, tẹ́ ẹ sì ń gba ohùn sílẹ̀ ní 44,100, ìdì kan ò ju ìdá 3 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Tẹ́ ẹ bá fi sí 1,024, ó ti di ìdá 23, etí á sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kékeré ni kẹ́ ẹ fi kọrin. Tó bá di pé ẹ ń po ohùn pọ̀, ẹ gbé e sókè kí kọ̀ǹpútà lè mí. Ẹ lo headphone oníwáyà. Bluetooth dá fún gbígbọ́ orin nínú danfo.

Àkókò náà ṣe kókó. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wákàtí tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn bá ti dákẹ́. Mo sì máa ń rọra kọrin nítorí màmá tó wà ní yàrá kejì. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ò kórìíra orin, oorun làwọn kàn fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà.

Àwọn tó ń pariwo "blow" máa ń fi Billie Eilish ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Finneas, ṣe púpọ̀ nínú àwo orin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 nínú yàrá nílé àwọn òbí wọn ní Los Angeles, àwo náà sì gba ipò kìíní ní Grammy lọ́dún 2020. Òótọ́ ni. Àpẹẹrẹ tèmi ni Bruce Springsteen. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, ó jókòó sílé ẹ̀ ní New Jersey, ó fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì gba àwọn orin kan sílẹ̀ láti fi han ẹgbẹ́ olórin ẹ̀. Wọ́n wọ stúdíò ńlá, wọ́n lù ú, kò rí bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni wọ́n padà gbé jáde lọ́dún náà, Nebraska lorúkọ ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ní nínú yàrá ẹ̀ tí stúdíò ò ní ni pé kò sẹ́ni tó ń wo aago.

Àwa tí a ń fi Yorùbá kọrin la sì nílò àìwo aago yẹn jù. Ní stúdíò tí wọ́n ti ń gba owó wákàtí, bíìtì ti wà nílẹ̀, ohùn orin ti wà nílẹ̀, ẹ kàn máa ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ti ní ohùn tiẹ̀ kó tó di orin. Ẹ fẹ́ kọ "ọkọ mi", orin fa ìparí ẹ̀ wálẹ̀, ó di "ọkọ̀ mi". Ó gbé e sókè, ó di "ọkọ́ mi". Ìyàwó tó fẹ́ yin ọkọ ẹ̀ ti ń kọrin fún danfo. Wàhálà yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n sì ń fi ohùn òyìnbó kọ, ti ń yí ọ̀rọ̀ po láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ olórí orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti ọdún 1914 sí 1962, wà lára àwọn tó bá a jà: ó kọ orin tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá sì jáde lọ́dún 1953.

Ẹ̀rọ ti wá fi tiẹ̀ kún un. Auto-Tune, tó jáde lọ́dún 1997, máa ń fa ohùn lọ sí nóòtì tó bá sún mọ́ ọn jù. Tẹ́ ẹ bá fi sí èyí tó yára jù, gbogbo ibi tí ohùn Yorùbá ti ń yọ́ gòkè tàbí yọ́ wálẹ̀ á di bí àtẹ̀gùn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó, èmi náà ń lò ó. Ẹ dín ìyára ẹ̀ kù, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà kẹ́ ẹ tó wá ohùn orin fún un. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìlà kan ṣoṣo rí. Ta ló máa san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ní stúdíò?

Lásìkò Iléyá tó kọjá, mo gbé laptop àti máìkì mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi àgbà. Àwọn nìkan ló kù nínú ẹbí wa tó mọ oríkì ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀." Wọ́n wo máìkì, wọ́n wò mí. "Àkànní, ṣé rédíò lo fẹ́ gbé e sí ni?" Mo ní, "Rárá o, mà. Tiwa ni." Ara wọn bá balẹ̀. Wọ́n kì í fún ìṣẹ́jú 11. Àkùkọ kan kọ níbì kan láàrin ẹ̀. Ó níbi tí wọ́n ti dúró tí wọ́n ń wá orúkọ bàbá kan, títí wọ́n fi rí i. Mi ò gé ìkankan kúrò nínú ẹ̀.

A ò tó ogójì lẹ́bí tó máa fẹ́ gbọ́ ọ. WAV ni mo fi tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe MP3 tó máa ń da lára ohùn nù kí fáìlì lè kéré. Ọ̀kan wà lórí laptop mi, ọ̀kan wà nínú flash, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi n'Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò mi, ọdún mẹ́fà, ti mọ ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ sórí.