Ọwọ́ Ta Ni Òṣùwọ̀n Wúrà Wà?

Ọ̀rọ̀ wúrà la mú wá lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan ẹni tó ń gba owó oṣù nínú ọ̀rọ̀ wúrà. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń wa ilẹ̀ ní Ìtagúnmódì àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan ń bẹ ní gáréèjì tí wọ́n ń fa òkúta pupa rúsúrúsú yọ lápò, tí wọ́n á ní wúrà ni, pé ìṣòro ló mú kí àwọn fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú. Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni irú wọn ń fojú sí.

Odidi wúrà là ń wí, èyí tó jáde láti inú ilẹ̀ ní kúlúkúlú, tí iná kò tíì yọ́. Èyí tó dà bí iyanrìn ló wọ́pọ̀. Odidi ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyí tí àwọn tó ń kó o jọ àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi máa ń san ju iye tí alágbẹ̀dẹ wúrà yóò san lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1869, ní Moliagul nílẹ̀ Ọsirélíà, John Deason àti Richard Oates kan odidi wúrà kan. Kò jìn rárá, erùpẹ̀ díẹ̀ ló bò ó. Ó wúwo ju kìlógíráàmù 70 lọ. Títí di òní, òun ni wọ́n ń pè ní èyí tó tóbi jù lọ. Wọ́n gbé e lọ sí báńkì ní Dunolly. Báńkì kò ní òṣùwọ̀n tó lè gbà á. Wọ́n bá gbé e lé owú alágbẹ̀dẹ, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì yọ́ ọ. Owó tó lé ní 9,000 pọ́n-ùn ni wọ́n san. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ.

Lọ́dún 1980, ní Kingower, ní ìpínlẹ̀ Victoria kan náà, Kevin Hillier fi ẹ̀rọ tí ń wá irin rí òmíràn tó jẹ́ kìlógíráàmù 27 àti díẹ̀. Òun kò fọ́ tirẹ̀. Ilé tẹ́tẹ́ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà rà á lódindi ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn jẹ́ nǹkan bí áúnsì 875. Iye tí wúrà ga dé jù lọ́dún 1980 ni 850 dọ́là fún áúnsì kan, nínú oṣù kìíní. Ká ní wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n sì tà á lọ́jọ́ tí ọjà wọ́n jù yẹn gan-an, kò lè pé 750,000 dọ́là. Èyí tó lé yẹn, odindi ló pa á wọlé.

Ní Brazil ńkọ́? Lọ́dún 1983, odidi wúrà tó jẹ́ kìlógíráàmù 60 àti díẹ̀ jáde ní Serra Pelada. Báńkì ìjọba wọn gbé e pa mọ́. Ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Brasília. Àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ń ru àpò erùpẹ̀ gun àkàbà jáde nínú ihò yẹn, owó alábàárù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Àwa òṣìṣẹ́ mọ ìtàn yẹn láì jẹ́ pé a dé ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé ọwọ́ ẹni tó ń rà ni òṣùwọ̀n máa ń wà. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹlẹ́rù bá ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni ẹrù òun, ṣé ẹ kì í wo táyà ni? Ẹ wo táyà wúrà náà. Áúnsì tí wọ́n fi ń na wúrà jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28 àti díẹ̀ tí a fi ń wọn oúnjẹ. Ẹ fi 31.1 pín iye owó tí ayé ń pè ní ọjọ́ náà, ẹ ó rí owó gíráàmù kan wúrà ògidì. Odidi wúrà kì í sábà jẹ́ ògidì. Fàdákà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, gíráàmù 10 jẹ́ wúrà gíráàmù 9. Ẹni tó bá fẹ́ san owó 5 fún ọmọ yín, olè ni.

Ti ayédèrú kò le. Òkúta ẹlẹ́tàn yóò fọ́ yángá bí a bá fi òòlù kàn án. Wúrà yóò tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òòlù kan èyí tó dára, ẹ má sì fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Omi sàn jù. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ, ẹ fi okùn so ó kọ́ òṣùwọ̀n, kí ó rì sínú omi láì kan ìdí ife, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ fi èyí tó dín pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Bí gíráàmù 38 bá di 36, 2 ló dín, ìdáhùn yín jẹ́ 19. Wúrà ògidì jẹ́ 19.3. Èyí tó ní fàdákà nínú lè jẹ́ 16 tàbí 17. Òjé jẹ́ 11, idẹ kì í tó 9, òkúta ẹlẹ́tàn jẹ́ 5 péré. Bí òkúta funfun bá lẹ̀ mọ́ wúrà, iye náà yóò wálẹ̀, nítorí náà ẹ fojú wò ó dáadáa pẹ̀lú.

Òfin ọdún 2007 sọ pé ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó dára. Ní oṣù keje ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ra wúrà kìlógíráàmù 12.5 láti ọwọ́ àwọn awakùsà kéékèèké, ó sì san mílíọ̀nù 268 náírà. Ẹ ò rí i pé ìjọba lè rà á ní gbangba nígbà tó bá wù ú! Ohun tí àwa ń béèrè ni pé kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí a ti yẹ̀ wò sí ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, kí wọ́n sì kọ iye owó ọjọ́ náà sára pátákó níwájú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lápapọ̀.

Kí wọ́n má sì lọ òkúta nílé. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ju 400 ọmọdé lọ.

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò nídìí iṣẹ́ yìí, kó ka ojú ewé yìí fún un kó tó ta èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.