ÌMỌ̀RÀN FÚN ONÍMỌ́TÒ: Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí ti ná wa lówó kí a tó mọ̀ ọ́n. A kò fẹ́ kí ó ná ẹlòmíràn.

Ní ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, a gbé ìyá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀, AC ọkọ̀ wa ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nini. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná, atẹ́gùn gbígbóná ni ó ń fẹ́ sí wa lójú. Ìyá wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Abẹ́ igi ni a sọ̀ wọ́n sí, tí a ń fi ìwé orin fẹ́ atẹ́gùn sí wọn.

Nígbà tí a padà dé Kánò, alátùn-únṣe kan ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti kú. A kó owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, a fi ra tòkunbọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ará wa kan tí ó mọ iṣẹ́ náà yẹ èyí tí a yọ kúrò wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò kú o. Àlàfo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ó fẹ̀ jù." Ó wọ̀n ọ́n lójú wa: 1 mìlímítà. Ó yọ wáṣà tín-ín-rín kan, ó di 0.5. Ẹnu wa wọhò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Níwájú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni pọ́ọ̀lì wà, tí bẹ́líìtì ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Níwájú pọ́ọ̀lì ni àwo irin kan dúró jẹ́ẹ́ sí. Bí a bá tan AC, iná bátìrì a wọ inú kọ́ìlì tí ó wà lẹ́yìn pọ́ọ̀lì, kọ́ìlì a di òòfà, a fa àwo náà mọ́ pọ́ọ̀lì, àwọn méjèèjì a sì jọ máa yí. Bí àwo bá ti ń jẹ, àlàfo àárín wọn a máa fẹ̀. Kọ́ìlì gbígbóná kì í sì í fa nǹkan tó ti tútù. Ìdí nìyí tí AC fi ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí ó ń kọ̀ lọ́sàn-án.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wo fíùsì àti rílè, kí ẹ sì jẹ́ kí oní-AC wọn gáàsì; bí gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ jù, ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí iná dé kílọ́ọ̀ṣì.

Bí ó bá jẹ́ àlàfo ni, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti orí bátìrì. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn àárín àwo àti pọ́ọ̀lì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti 0.3 dé 0.6 mìlímítà ni. Ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ tirẹ̀ gan-an. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tú bóòtì àárín, ẹ fa àwo jáde jẹ́jẹ́, ẹ ó rí wáṣà tín-ín-rín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ ẹyọ kan, tàbí kí ẹ fi èyí tí ó tún tín-ín-rín jù ú lọ rọ́pò, kí ẹ dá àwo padà, kí ẹ sì tún àlàfo wọ̀n yíká. Bí AC bá wà ní pípa, àwo kò gbọdọ̀ máa ha pọ́ọ̀lì, kí ó má baà jóná.

Ẹ má ṣe tú páìpù gáàsì rárá. Iṣẹ́ yìí kò béèrè rẹ̀, otútù gáàsì náà sì lè ba awọ àti ojú jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má na ọwọ́ síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì kò mọ ìka ọlọ́kọ̀. Bí bẹ́ríìnì bá ń ké, tàbí tí kọ́ìlì ti jó, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí owó ilé-ìwé ọmọ tó bá kọ̀mpírẹ́sọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn àlàfo.

Ìyá wa ti padà sọ́dọ̀ wa láyọ̀ àti àlàáfíà. Wọ́n ní kí a kí gbogbo yín. Ó di oṣù tí ń bọ̀.